Bata: Ìró Kan, Ìdílé Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jẹ lógún, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú àfojúsọ́nà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè ní ìtumọ̀ tó yàtọ̀ síra káàkiri ayé. Ọ̀rọ̀ tí mo lè mú pọ̀, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mú wá, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wa báyìí: bàtà.

Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni èrò kan tí mo ń gbọ́ lemọ́lemọ́, pàápàá lẹ́nu àwọn tó dàgbà nígbà tí ilé ìtajà Bata wọ́pọ̀ ní ìgboro. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó yẹn ló fún wa ní ọ̀rọ̀ náà, pé kí ó tó dé, Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún ohun tí à ń wọ̀ sẹ́sẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Ó máa ń dùn mí, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀tá èdè wa. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn gbé ohun tó jẹ́ tiwọn fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa.

Ní ọdún 1894, ní ìlú Zlín, ní agbègbè Moravia tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech òde òní, Tomáš Baťa dá ilé-iṣẹ́ bàtà sílẹ̀, òun pẹ̀lú Antonín àti Anna tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Iṣẹ́ bàtà rírán ni ìdílé wọn ti ń ṣe láti ìran dé ìran. Baťa ni orúkọ ìdílé wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ohun tí wọ́n ń rán. Àmì kékeré tó wà lára "t" yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé kí ó pè é bíi "Batya". Nígbà tí orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun ni àmì náà bọ́ sílẹ̀ lára pátákó. Nítorí náà, ìró tí àwọn ará Zlín ń pè, tí wọ́n bá ń pe orúkọ náà bó ṣe yẹ, kò tilẹ̀ bá tiwa mu délẹ̀délẹ̀.

Ọdún ló kọ́kọ́ já èrò yìí. Ní 1852, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ bíbí Ọ̀ṣógùn, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London, bàtà sì wà nínú rẹ̀. Ní 1884, Bíbélì lódindi jáde ní èdè Yorùbá, àwọn onígbàgbọ́ sì ń kà á níbẹ̀ pé Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní òun kò tó ẹni tí í gbé bàtà Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Bíbélì yẹn fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú ilé-iṣẹ́ Zlín. Ìwé Crowther fi ọdún méjìlélógójì ṣáájú rẹ̀. Àbúrò kò lè bí ẹ̀gbọ́n.

Ẹ tún fi ìwé sílẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí ẹnu àwọn tó ń kí ọba. "Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ìrùkẹ̀rẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́." Àwọn ohun tí a fi ń dá ọba mọ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀, bàtà sì jókòó láàárín adé àti ìrùkẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sára adé náà ló ń sín in sára bàtà ọba. Ta ló máa mú orúkọ ilé ìtajà tó dé lánàá, tó sì máa fi kún àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún Kábíyèsí?

Mo mọ ibi tí èrò náà ti ń wá o. Ọjà kan dé tó ń jẹ́ orúkọ tí àwa ti ń pe irú ohun tí ó ń tà. Ó rọrùn kí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ rò pé pátákó ìta ilé ìtajà ni orísun ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Íńdíà, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú kan lẹ́bàá Kolkata ní 1934, wọ́n sọ ọ́ ní Batanagar, títí di òní ọ̀pọ̀ ará Íńdíà ló gbà pé ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wọn ni Bata.

Báwo wá ni orúkọ ìdílé kan ní Zlín ṣe sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa tó báyìí? Ó ṣe kòńgẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ìdáhùn yìí, ó ń ṣe wọ́n bíi pé ẹni tó sọ ọ́ ń sá fún iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Yorùbá ní kọ́ńsónáńtì 18 àti fáwẹ̀lì àìránmúpè 7. Bí a bá so kọ́ńsónáńtì kan mọ́ fáwẹ̀lì kan, sílébù 126 la máa rí. Bí a bá wá so irú sílébù bẹ́ẹ̀ méjì pọ̀, bí ó ṣe wà nínú bàtà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,876. Àwa ní ohùn mẹ́ta tí a máa fi pín ìyẹn sí wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ èdè mìíràn kò ní irú rẹ̀. Èdè tó wà láyé lé ní 7,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lórúkọ. Ìró tí èdè púpọ̀ ní sì ni "b", "t" àti "a". "A" àti "b" ni ìkókó kọ́kọ́ máa ń gbìyànjú lórí ẹní. Ohun tí ì bá yà mí lẹ́nu ni pé kí "bata" má sí níbòmíràn rárá.

Ó sì wà níbi púpọ̀. Ní Sẹ́bíà, bata ni wọ́n fi ń pe arákùnrin ẹni nígbà tí wọ́n bá ń kẹ́ ẹ. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe bàbá ní batya, àwọn ará Ukraine ń pè é ní batko, àwọn ará Hungary sì ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní bátya. Ní Indonéṣíà, bata ni bíríkì tí wọ́n fi ń mọ ilé, wọ́n tilẹ̀ ní àwọ̀ kan tó ń jẹ́ merah bata, ìyẹn pupa bíi bíríkì. Nílé níbí, àwọn Bata wà ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, tí àwọn àti Bachama jọ jẹ́ ìbátan. Ní Equatorial Guinea, ìlú etíkun kan wà tó ń jẹ́ Bata. Ibẹ̀ ni Ivory Coast ti fi gbígbá bọ́ọ̀lù sílé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan borí Ghana nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 2015.

Ti Hausa yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ẹ máa gbọ́ kí ará Òkè Ọya sọ pé kí wọ́n má ṣe ɓata lokaci, kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò. Etí Yorùbá á ní "bata" ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà yẹn, ó ní ìkọ́ lórí. Ìró rẹ̀ kì í ṣe "b" tiwa. Ẹni tó ń pè é máa ń fa èémí wọlé díẹ̀ ni, dípò kí ó tì í jáde. Létí Hausa, "b" àti "ɓ" jìnnà síra bí "g" àti "gb" ṣe jìnnà síra létí tiwa. Òyìnbó tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín "gà" àti "gbà" á so ọ̀rọ̀ wa méjì pọ̀ tí kò bára tan. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe máa ń ṣe sí ti ẹlòmíràn.

Ní Filipíìnì, èdè Tagalog fi bata pe ọmọdé. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọ̀fun máa ń dí pa ní ìparí rẹ̀, bíi pé ẹni náà fẹ́ sọ sí i, tó sì dákẹ́ lójijì. Bí ọ̀fun kò bá dí, tí ó tẹ sílébù àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀wù tí èèyàn máa ń gbé wọ̀ lé aṣọ sísùn ló pè yẹn. Bí ó bá tẹ sílébù kejì mọ́lẹ̀, ó ti kúrò nídìí ẹ̀wù, ọ̀rọ̀ ìfaradà ìyà ló kù. Lórí ìwé, bata ni wọ́n máa ń kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó mọ èdè náà ló mọ̀ ọ́n kà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ka ohun tí àwọn èèyàn wa ń kọ sórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i. Ọ̀rọ̀ ọmọdé jẹ́ tiwọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù, àwọn ará Spéìn ló gbé e wá, nítorí wọ́n ṣàkóso ilẹ̀ náà fún ohun tó lé ní 300 ọdún, títí di 1898. Wọ́n ṣe kòńgẹ́ nínú èdè kan ṣoṣo, kí á má tíì sọ ti èdè méjì.

Ọ̀rọ̀ àyálò ló kàn. Ó sì dára láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣe kòńgẹ́.

Ní Japan, batā ni bọ́tà, "a" ìparí rẹ̀ ni wọ́n ń fà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì náà yá a láti inú Látìn, Látìn yá a lọ́wọ́ Gíríìkì, tó ní boutyron, tí ó so màlúù mọ́ wàràkàṣì. Àwọn ará Japan kì í jẹ bọ́tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀lú wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbọ́ òórùn oúnjẹ náà lára wọn, títí di òní wọ́n ń pe ohun tó bá ń ṣe bíi ti òyìnbó jù ní batakusai, ohun tó ń rùn bọ́tà. Ẹ wá wò ó. Nínú èdè Yorùbá, ta ni ìbátan batā yìí? Bàtà kọ́ o. Bọ́tà ni. Orí kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣàn wá, ọ̀kan gba Japan, ọ̀kan gba Èkó. Ẹni tó ń fi ojú nìkan wá ìbátan á fi bàtà àti batā ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, á sì rìn kọjá bọ́tà láìkí i.

Ní Swahili, bata ni pẹ́pẹ́yẹ, bata mzinga sì ni tòlótòló. Lárúbáwá ní baṭṭ fún pẹ́pẹ́yẹ, Potogí ní pato. Àwọn tó ń sọ èdè méjèèjì yìí ló ti gbé etíkun Ìlà Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń sọ Swahili, pẹ́. Àwọn oníṣòwò Lárúbáwá ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, Vasco da Gama dé ní 1498, ní 1593 àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi agbára Fort Jesus ní Mombasa. Nítorí náà, a rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà wọlé, a sì rí ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e. Ní Tànsáníà, bí wọ́n bá ní ẹnì kan ń kula bata, jíjẹ pẹ́pẹ́yẹ nìkan kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, ayé ló ń jẹ. Kiatu ni wọ́n ń pe bàtà, tí ẹ̀yin tó ń lọ sí Dar es Salaam bá fẹ́ rà á.

Gbogbo èyí tí mo ti kà, ilé àwọn ẹlòmíràn ni. Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí bata ti jẹ́ ti wa pátápátá, tí òkun sì wà láàárín wa.

Yorùbá ní bàtá, ìlù Ṣàngó, ìlù Egúngún. Ìlù olójú méjì ni, ojú kan tóbi, ojú kejì kéré. Ojú òjò ni a ń pe ńlá, ṣáṣá ni a ń pe kékeré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu ojú òjò, bílálà awọ ni wọ́n fi ń na ṣáṣá. Wọ́n máa ń lẹ ìda mọ́ ojú òjò kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, wọ́n sì máa ń so ṣaworo mọ́ ìyáàlù. Àwọn ọmọ Àyàn ló ni iṣẹ́ náà, ẹ ó sì bá wọn ní Ẹrìn-Ọ̀ṣun àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ títí di ìsinsìnyí.

Nígbà tí ogun ń ja ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Ọ̀yọ́ Ilé sì tú, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọmọwé Kúbà kan, Fernando Ortiz, kọ ìtàn tí àwọn onílù ibẹ̀ sọ fún un sílẹ̀, pé ní nǹkan bí 1830, àwọn ọkùnrin méjì ló gbẹ́ bàtá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣètùtù fún ní Havana. Ẹ gbọ́ orúkọ wọn: Añabí àti Atandá. Mo bẹ̀ yín, kí ni olùkọ́ ìtàn fẹ́ bá wa wí sí i? Àyànbí ni, àti Àtàndá. Ọ̀kan ń sọ ìdílé tó ti wá, èkejì ń jẹ́ oríkì. A kó wọn kọjá òkun láìní nǹkan kan lọ́wọ́, orúkọ wọn ṣì ń sọ ilé tí wọ́n ti jáde.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Kúbà ni batá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì tó wà lórí sílébù ìparí yẹn. Èdè Spéìn kì í lo ohùn bíi tiwa, sílébù tí wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ohùn òkè wa bọ́ sí wọn létí bíi sílébù tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi àmì sí i. Bàtá di batá. Ṣàngó di Changó. Ọbàtálá di Obatalá. Ògún di Ogún. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí àṣẹ di aché, ohùn àárín sì ni ìparí tiwa. Síbẹ̀ ìgbésókè kan wà nínú àṣẹ náà, ohùn kúrò nísàlẹ̀ ó bọ́ sí àárín, etí wọn gbọ́ ìyẹn. Àwọn tó ń kọ Spéìn kò mọ̀ pé àwọn ń kọ ohùn Yorùbá sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́.

Batá kò sì dá lọ. Ibi tí mo ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Kúbà, ìlù mẹ́ta ni, èyí tó tóbi jù lọ ń jẹ́ iyá, àwọn tó kù ni itótele àti okónkolo. Ojú ńlá ìlù ń jẹ́ enú, ẹnu wa nìyẹn. Ojú kékeré ń jẹ́ chachá, ṣáṣá ni, nítorí Spéìn kò ní "ṣ", "ch" ló sún mọ́ ọn jù. Ìda ṣì ń jẹ́ idá. Ṣaworo di chaguoró, nítorí wọ́n máa ń fi "gu" sí ibi tí a bá ti pe "w". Agbára tó ń gbé inú ìlù náà, tí wọ́n ń bọ, ni Añá, Àyàn wa. Odindi agbo ilé ló ṣí lọ, tọmọtọmọ, tẹrùtẹrù.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi yẹ ọ̀rọ̀ wò nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ti Íjíbítì wá, tàbí ti Hébérù wá, tàbí pé Japan ló yá a lọ́wọ́ wa, tó sì jẹ́ pé ìró ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú dání. Ẹ bi í léèrè àwọn ará ilé ọ̀rọ̀ náà. Ta ló gbé e, ní ọdún wo, ojú ọ̀nà wo ni ó gbà? Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló bá a rìn? Baťa ti Zlín kò mú ọ̀rọ̀ kan dání wá bá wa: kò mú okùn bàtà wá, kò mú àtẹ́lẹ̀ bàtà wá, kò mú orúkọ iṣẹ́ wá. Batá ti Havana kó gbogbo ẹ̀yà ara ìlù dání, ó kó orúkọ àwọn tó ń lù ú àti ti ẹ̀mí tó ń gbé inú rẹ̀. Ìtàn wa tó jẹ́ òótọ́ tóbi tó báyìí, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ kí a máa fi í sílẹ̀ torí àwọn ìtàn tí a fi ìró kan ṣoṣo hun.

Wọ́n fìyà jẹ ìlù yẹn ní Kúbà o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọlọ́pàá ń gba ìlù lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn, wọ́n ń ti wọ́n mọ́lé. Inú ilé òrìṣà ni batá wà. Ní 1936, Ortiz mú àwọn onílù, tí Pablo Roche ṣíwájú wọn, wá síwájú àwùjọ ní Havana, àwọn tí kò tíì fojú kan ìlù náà rí gbọ́ ọ ní gbangba. Lónìí, ẹ lè rí obìnrin kan lórí ìtàgé ní Havana tó wọ bata, ẹ̀wù gígùn tí wọ́n ṣẹ́ létí wàìwàì, tí ó ń jó sí batá. Bata ti Spéìn, àmì kò sí lórí rẹ̀, sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n tẹ̀. Batá ti Yorùbá, àmì wà lórí èkejì. Àwọn ará Kúbà kì í ṣì wọ́n pè.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní ṣé bàtà àti bàtá tiwa náà kò wá láti ibì kan náà, pé bóyá nítorí ijó, tí ẹsẹ̀ onijó àti ìlù jọ ń pàdé nílẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni, mo sì fi ohun tí mo sọ fún un síbí. Nínú èdè wa, ohùn kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tó ń gbé èrò, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń sọ, kò sí ẹni tó ń wá bàbá kan ṣoṣo fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàtà àti bàtá rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé wọn kò pa pọ̀ níbì kankan: ṣaworo àti bílálà kò dé ọ̀dọ̀ bàtà, okùn àti àtẹ́lẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ bàtá. Oníbàtà ni ẹ máa bá ní ìsọ̀ ní ọjà. Oníbàtá, ọmọ Àyàn ni, agbo ilé rẹ̀ ni kí ẹ lọ.